Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, jẹ́nẹ́rà, tíṣìn, nọ́sìn hóòmù: ta ló ń ṣe kí ni gan-an?

Lọ́jọ́ tí wọ́n dìsháàjì Daddy wa lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n, ìpàdé ẹbí tá a ṣe lórí WhatsApp fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ní ká gbé wọn lọ sí rehab, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ara aláìsàn bó ṣe máa tún ṣiṣẹ́. Àbúrò wa tó wà ní Manchester ní ká wá nọ́sìn hóòmù tó dáa, ilé tí arúgbó ń gbé tí nọ́ọ̀sì ti ń tọ́jú ẹ̀. Èmi tí mo wà n'Ìbàdàn ń pariwo pé ká dá wọn padà sí tíṣìn, ìyẹn ọsibítù ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà, pé kí ló dé tí wọ́n á fi lé arúgbó tí ò lè dá jókòó jáde ní wọ́ọ̀dù. Ìyá Ọ̀yọ́, ẹ̀gbọ́n Daddy, wá fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé ká gbé àbúrò àwọn wá sílé jàre, pé a ò mọ ohun tá à ń ṣe.

Nígbà tó yá la wá rí i pé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà. Rehab tí ẹ̀gbọ́n mi ní lọ́kàn, ilé ọ̀tọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ìjọba sì máa ń san nínú owó ẹ̀. Nọ́sìn hóòmù ti àbúrò wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lọ́dọ̀ tiwa. Tíṣìn tí èmi ń pariwo ẹ̀, iṣẹ́ wọn lórí Daddy ti parí. Ìyá Ọ̀yọ́ tá a rò pé wọn ò mọ nǹkan kan ni wọ́n sún mọ́ òótọ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà ò mọ iye iṣẹ́ tó wà nínú "ẹ gbé e wá sílé" yẹn.

Mi ò kí ń ṣe dókítà o, ọmọ aláìsàn lásán ni mí. Àmọ́ ìyà tó jẹ wá kó tó yé wa, kò yẹ kó jẹ ẹlòmíì, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe yé mi.

Ohun tó ń da gbogbo wa láàmú ni pé a rò pé ìpele ìtọ́jú dà bí ipò. Pé hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wà fún tálákà, jẹ́nẹ́rà wà fún àwa tá à ń gbìyànjú, tíṣìn wá wà fún ẹni tó bá mọ èèyàn. Rárá o. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ kálukú ni wọ́n fi pín in. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn máa bi ara ẹ̀ ni pé kí ni ara ẹni yìí ń fẹ́ lónìí? Lónìí ni mo wí o, torí ohun tó ń fẹ́ lónìí lè yàtọ̀ sí ohun tó máa fẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ni àwọn oníròyìn ń pè ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, èmi gbà pé orúkọ yẹn gan-an wà lára ohun tó ba nǹkan jẹ́, torí ta ló fẹ́ gba ìtọ́jú alábọ́dé? Ṣùgbọ́n òun ni ìpele àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn àbáwọlé. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ fún un ló wà, èrò ìjọba sì ni pé kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ẹyọ kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ló fi gbogbo ara ti ètò yìí nígbà tí wọ́n di mínísítà ìlera lọ́dún 1985, èrò tó wá látinú ìpàdé àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Alma-Ata, ìlú kan ní Kazakhstan, lọ́dún 1978, pé tí ìlera ò bá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn, ọsibítù ńlá ò lè gbà wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ibẹ̀ ni alábòyún ti ń gba káàdì, ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ọgbẹ́ kéékèèké, fètòsọ́mọbíbí, kí wọ́n yẹ BP àti ṣúgà yín wò lóṣooṣù. Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí wọ́n ń pè ní CHEW lẹ máa bá níbẹ̀, dókítà lè má sí. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé wọ́n ń rẹ́ yín jẹ. Ẹni tó fẹ́ yẹ BP wò, kí ló fẹ́ fi dókítà oníṣẹ́ abẹ ṣe?

Ìpele kejì ni jẹ́nẹ́rà, ti ìjọba ìpínlẹ̀, irú Adéọ̀yọ́ n'Ìbàdàn tàbí jẹ́nẹ́rà tó wà ní Marina l'Ékòó. Dókítà wà níbẹ̀, tíátà wà níbẹ̀, X-ray, ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń dá èèyàn dúró sí. Alábòyún tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún, ìpá, apẹ́ńdísì, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lára ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọsibítù aládàáni tó wà ládùúgbò yín náà, ìpele yìí ni wọ́n wà, bó ti wù kí ilẹ̀ wọn máa dán tó.

Ìkẹta wá ni tíṣìn. UCH tí wọ́n ṣí n'Ìbàdàn lọ́dún 1957, LUTH tó wà n'Ídì-Àràbà, OAUTHC n'Ífẹ̀, àtàwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FMC, bíi ti Abẹ́òkúta àti Ọ̀wọ̀. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọ́jú, Ìgbóbì fún eegun, Arò fún ọpọlọ. Ohun tí ìpele kejì ò lè yanjú ló ń lọ síbẹ̀: jẹjẹrẹ, iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, kíndìnrín tó ti daṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ ẹ̀ sì ti sọ ọ́, ilé ẹ̀kọ́ ni. Gbogbo wa la máa ń ráhùn pé dókítà márùn-ún ló bi wá ní ìbéèrè kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ọ̀yọ́ tiẹ̀ bi ọ̀kan nínú wọn pé ṣé ẹ ò kí ń bára yín sọ̀rọ̀ ni. Àkẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn, house officer tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wà, registrar tó ń kọ́ṣẹ́ lọ sókè wà, consultant tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá lè jẹ́ pé ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ lẹ máa rí wọn. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè gidi, ẹ bi nọ́ọ̀sì pé ọjọ́ wo ni consultant máa yí wọ́ọ̀dù ká, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ wà níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé ìsàlẹ̀ máa kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sókè, òkè á sì kọ lẹ́tà padà sísàlẹ̀. Apá kejì yìí la kì í rí. Ẹni tó bá ní ìnṣọ́ránsì ìlera ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ètò yìí lágbára, torí ibi tẹ́ ẹ bá fi orúkọ sílẹ̀ sí ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ rẹfáà yín, HMO, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì yín, á sì fún wọn ní kóòdù. Tẹ́ ẹ bá lọ sí tíṣìn tààrà láìní kóòdù, owó ara yín lẹ máa san, kẹ́ ẹ tó wá máa bú wọn lórí Facebook.

Àmọ́ pàjáwìrì ò mọ ìpele o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ máa to àtẹ̀gùn nígbà tí ẹnu èèyàn bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan ò gbé mọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dì ní iṣan ọpọlọ, ó lè jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, scan nìkan ló lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìtọ́jú wọn sì tako ara wọn. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ dì yẹn, oògùn wà tó lè tú u, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sígbà tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ibi tí scan wà ni kẹ́ ẹ sáré lọ. Ní tiwa, kẹ́míìsì la kọ́kọ́ gbé Daddy lọ, lẹ́yìn náà ọsibítù kan tí wọ́n fún wọn ní dírípù tí wọ́n ní stress ni, ká tó dé ibi tó yẹ ká wà, ilẹ̀ ti ṣú. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 sì sọ ọ́ kedere pé kò sí ilé ìwòsàn kankan tó gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́, ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n wà fún un. Pé wọ́n ṣì ń sọ fún yín pé kò sí bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ò sọ òfin náà di òkú.

Ó dáa, ẹ ti dé tíṣìn, wọ́n ti ṣe scan, wọ́n ti fa BP wálẹ̀, ó ti ń gbé omi mì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Wọ́n wá ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń wo Baba yín, wọn ò lè rìn, wọn ò lè dá wẹ̀, pámpásì ni wọ́n wà. Ṣé ìwòsàn lèyí?

Ibi tó ti ń dojú rú fún gbogbo ẹbí nìyí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ ọsibítù ni láti mú èèyàn kúrò lẹ́nu ewu. Tí kò bá ti sí ohun tó nílò dókítà lójoojúmọ́ mọ́, iṣẹ́ wọn ti parí, ẹlòmíì sì wà lórí sítẹ́ṣà ní pàjáwìrì tó ń dúró de bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ohun tó kù lára Daddy, oríṣi iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀kan ni láti kọ́ ara ní ohun tó ti gbàgbé: fisió fún apá àti ẹsẹ̀, ẹni tó ń kọ́ wọn lọ́rọ̀ sísọ àti bí wọ́n ṣe máa gbé oúnjẹ mì láì há. Láwọn oṣù àkọ́kọ́ ni èyí ń ṣe èèyàn láǹfààní jù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi ná. Èkejì ni ìtọ́jú ojoojúmọ́ lásán, tí kò ní oògùn nínú: wíwẹ̀, wíwọṣọ, jíjẹun, lílọ sí tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì, dídìde láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, dídi ìtọ̀ àti ìgbẹ́ mú. Ohun mẹ́fà yìí ni wọ́n fi ń wọn èèyàn l'Ámẹ́ríkà, iye tó bá wà níbẹ̀ tí ò lè dá ṣe ló ń sọ irú ilé tó yẹ kó gbé. Èmi wá ń lò ó fún gbogbo arúgbó tó wà lẹ́bìí wa báyìí, ó sàn ju "Màámà ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́" lọ.

Tẹ́ ẹ bá sì rò ó dáadáa, lọ́dọ̀ tiwa, ọsibítù ò fìgbà kan ṣe oríṣi kejì yìí fún yín rí. Nígbà tẹ́ ẹ wà ní wọ́ọ̀dù, ta ló ń wẹ̀ fún Baba? Ẹ̀yin ni. Ta ló sùn sórí ẹní ní kọ́rídọ̀? Ẹ̀yin náà ni. Torí náà tí wọ́n bá dìsháàjì yín, iṣẹ́ ilé ò pọ̀ sí i, òrùlé ló yí padà.

Nílé, àṣìṣe tó náni lówó jù ni kéèyàn má mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ iṣẹ́ olùtọ́jú. Tí rọ́bà wà nímú wọn tí wọ́n fi ń jẹun, tí páìpù ìtọ̀ wà lára wọn, tí egbò wà tí wọ́n ń wẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ńsì nìyẹn, ó sì lè máa wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò di dandan kó sùn síbẹ̀. Wíwẹ̀ àti oúnjẹ, ẹni tó lágbára tó sì ní sùúrù lẹ nílò. Àwa lọ gba ọmọ kan tó wọ aṣọ funfun, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ni, owó nọ́ọ̀sì la sì ń san, àṣé auxiliary ni, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ tí ò ní láísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì, ọ̀sẹ̀ méjì egbò ti yọ ní ìdí Daddy torí kò mọ̀ pé wákàtí méjì méjì ló yẹ kí wọ́n máa yí ẹni tí ò lè yíra padà. Egbò yẹn ló dá wa padà sí ọsibítù, kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Látìgbà yẹn ni mo ti lẹ bébà mọ́ ara ògiri, aago mẹ́fà ọ̀tún, aago mẹ́jọ òsì, aago mẹ́wàá ẹ̀yìn, ẹni tó bá yí wọn á fi orúkọ sí i.

Ilé àwọn arúgbó wà ní Nàìjíríà o, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti aládàáni, wọn ò kàn pọ̀ ni, ojú sì ń tini láti sọ pé èèyàn gbé bàbá ẹ̀ síbẹ̀. Ní UCH, sẹ́ńtà àwọn àgbàlagbà wà láti ọdún 2012, tó ní dókítà, fisió àti káàdì tiwọn lọ́tọ̀, tí arúgbó ò fi ní máa tò lẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ibi ìtọ́jú ni, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé títí ayé. Ohun tó tiẹ̀ máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àwa la kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ láìsí ilé ńlá. Lọ́dún 1954, dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí abúlé tó yí Arò ká ní Abẹ́òkúta, aláìsàn pẹ̀lú ìbátan ẹ̀ kan á gba yàrá lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, wọ́n á máa jáde lọ gba ìtọ́jú lọ́sibítù, wọ́n á padà sí àárín èèyàn. Gbogbo ayé wá ń wò ó. Ìtọ́jú ọsibítù lọ́tọ̀, ibi téèyàn ń gbé lọ́tọ̀, ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà yẹn nìyẹn.

Wàyí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ̀ ń fowó ránṣẹ́, tàbí tí àwọn òbí yín wà lọ́dọ̀ yín, àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń lò náà ń dàrú mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé yẹn, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á sọ ohun tí ìwé ò sọ.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, residential home àti nọ́sìn hóòmù kì í ṣe ìkan náà. Ti àkọ́kọ́, olùtọ́jú ló wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ìkejì, nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ńsì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, torí ẹ̀ ló ṣe wọ́n jù. NHS, ètò ìlera ìjọba wọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn, ò san owó kíà hóòmù lásán o, council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ló ń wo àpò yín, tí ohun ìní bá ti lé ní £23,250 ní England, ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo ẹ̀, wọ́n sì lè ka ilé mọ́ ọn tí kò bá sí ọkọ tàbí ìyàwó tó ṣì ń gbé inú ẹ̀. Àfi tí wọ́n bá gbà pé àìsàn gan-an ni olórí ìṣòro ẹni náà, ohun tí wọ́n ń pè ní NHS Continuing Healthcare, ìgbà yẹn ni NHS máa san tán láì wo àpò ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ẹbí ò tiẹ̀ béèrè. Ẹ béèrè kí wọ́n tó dìsháàjì yín.

L'Ámẹ́ríkà, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń pè ní rehab, skilled nursing facility ló sábà máa ń jẹ́. Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń ṣe ní pàtàkì fún àwọn àgbàlagbà, máa ń san án, ṣùgbọ́n ó ní gbèdéke: ọjọ́ 100 ló pọ̀ jù, 20 àkọ́kọ́ ni wọ́n san tán, láti ọjọ́ 21 ẹ̀yin náà á máa dá owó lójoojúmọ́, kí wọ́n sì tó san kọ́bọ̀, ẹni náà ti gbọ́dọ̀ sun ọsibítù ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bí inpatient. Pàkúté wà níbẹ̀: èèyàn lè sun orí bẹ́ẹ̀dì ọjọ́ mẹ́ta kó jẹ́ "observation" ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn ò kà nínú Medicare gan-an. Ẹ bi wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Assisted living yàtọ̀, yàrá tiyín ni, ẹ kàn ń rí ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, Medicare ò san owó ilé yẹn. Tó bá wá jẹ́ pé ẹni náà máa gbé nọ́sìn hóòmù títí ni, Medicaid, ètò ìjọba mìíràn, ló sábà máa ń san án, ìyẹn sì wà fún ẹni tí owó ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. M kan, M kejì, wọ́n jọra lẹ́nu, wọn ò jọra lápò.

Ọ̀rọ̀ kan tó tún máa ń dẹ́rù bani ni hospice. Palliative ni ìtọ́jú tó ń dín ìrora kù, ẹ lè máa gbà á lọ́jọ́ tí wọ́n ṣì ń fún yín ní oògùn tó ń wo àìsàn. Hospice ni ti ẹni tí àìsàn ẹ̀ ti kọjá ìwòsàn, l'Ámẹ́ríkà dókítà máa ń kọ ọ́ pé bó ṣe ń lọ yìí kò ní ju oṣù mẹ́fà lọ. Wọn ò pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n ń jẹ́ kí ìrora dákẹ́ ni. Ní UCH náà, wọ́n ń ṣe irú ìtọ́jú yìí, wọ́n sì máa ń bá èèyàn délé.

Ti Daddy wa ńkọ́? Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́wàá, consultant ní tíṣìn wo káàdì wọn, wọ́n ní kò sídìí fún wọn láti máa wọ mọ́tò wákàtí méjì wá mọ́ torí BP, wọ́n kọ lẹ́tà kan pé kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò níbi tó bá sún mọ́ wọn. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó wà níparí àdúgbò wa ni, èyí tá a ti ń gba iwájú ẹ̀ kọjá látọdún yìí wá tá ò yà síbẹ̀ rí. Gbogbo ọjọ́ Tuesday ni wọ́n ń fi ọ̀pá rìn lọ. Mátírọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀ ti mọ orúkọ wọn, wọ́n sì máa ń bá wọn wí tí wọ́n bá ti fi iyọ̀ sẹ́nu.